Ẹ Jẹ́ Kí Ọdún Márùn-ún Ọ́dítọ̀ Kọ̀ǹpútà Pé

Ìbéèrè 150 ló wà nínú ìdánwò ìwé-ẹ̀rí ọ́dítọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CISA, wákàtí mẹ́rin sì ni wọ́n fún èèyàn láti dáhùn wọn. Ẹni tó bá gba 450 lórí òṣùwọ̀n tó parí sí 800 ti yege. Àmọ́ yíyege yẹn nìkan kò sọ ọ́ di CISA. Kò tíì lè kọ ọ́ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, àfi tó bá fi ẹ̀rí hàn fún ISACA, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ni ìwé-ẹ̀rí náà, pé òun ti fi ọdún márùn-ún ṣe iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, tàbí iṣẹ́ ìkóníjàánu àti ààbò tó jẹ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti máa ń fárígá. Wọ́n ní ta ló fẹ́ gba àwọn síṣẹ́ ọ́dítọ̀ láìní ìwé-ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ìwé-ẹ̀rí ọ̀hún kò ṣeé gbà láìṣe iṣẹ́. Wọ́n ní kí ISACA dín ọdún náà kù, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kó pa á rẹ́ pátápátá. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ní ibi tó ti tọ́. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ọdún márùn-ún náà dúró bó ṣe wà. Àwọn tó yẹ ká kọjú ọ̀rọ̀ sí ni àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa: àwọn tí kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan iṣẹ́ gidi, àwọn tó ń fọwọ́ sí ohun tí wọn kò rí, àti àwọn tí iṣẹ́ ṣojú wọn tí wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó bí iṣẹ́ náà. Ọdún 1969 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di ISACA lónìí sílẹ̀ ní Los Angeles, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ rí i pé ìwé owó ti ń kúrò nínú lẹ́jà, ó ti ń wọnú ẹ̀rọ tí ojú wọn kò tó. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nílùú yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Equity Funding dojú dé. Ilé-iṣẹ́ náà ti fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá àwọn oníbàárà ìbánigbófò tí kò sí láyé. Àdéhùn ayédèrú náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ilé-iṣẹ́ náà sì ń tà wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò mìíràn. Wọ́n fi àmì kan sára àwọn àdéhùn yìí, tó fi jẹ́ pé tí kọ̀ǹpútà bá dé orí wọn, yóò fò wọ́n dá, kò ní béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ọ́dítọ̀ bá sì ní kí wọ́n gbé fáìlì oníbàárà kan wá, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù dọjọ́ kejì. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó, wọ́n á kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ àbájáde àyẹ̀wò dókítà, wọ́n á fọwọ́ sí i lórúkọ ẹni tí wọn kò bí rí. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ti dá dúró, Ronald Secrist, ni àṣírí náà ti tú ní 1973. Àwọn ọ́dítọ̀ kọ́ ló tú u, kódà ilé ẹjọ́ padà dá díẹ̀ lára wọn lẹ́bi. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ló mọ ibi tí ògiri ti lanu. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá gbé ìwé-ẹ̀rí CISA kalẹ̀ ní 1978, ohun tí ayé ń wá ni ọ́dítọ̀ tó mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rìn nínú ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi fáìlì tí wọ́n kọ lóru tàn jẹ.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́ tán nínú ìwé. Ẹ mú ọ̀kan péré nínú iṣẹ́ ọ̀hún, èyí tó wọ́pọ̀ ní báǹkì: yíyẹ orúkọ àwọn tó lè wọ ẹ̀rọ wò, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ìwé á ní kí o gba orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kúrò níṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí o gba orúkọ àwọn tó ní àyè láti wọ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, kí o fi ọ̀kan wé èkejì. Ó rọrùn létí. Ìgbà tí o bá jókòó tì í ni wàá rí i pé orúkọ bàbá ló ṣáájú nínú ìwé kan, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dúró fún orúkọ àbísọ nínú èkejì. Obìnrin kan ti lọ́kọ láàárín kan, orúkọ rẹ̀ ti yí padà níbì kan, kò yí níbòmíì. Orúkọ ìwọlé kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ti jókòó sí káńtà lọ́jọ́ náà ló ń lò ó. Lẹ́yìn náà lo wá rí ẹnì kan tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta, tí ẹ̀rọ sì ní ó wọlé ní oṣù karùn-ún. O bi ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n kàn fi dán nǹkan wò ni. Ṣé wàá gbà bẹ́ẹ̀? Ta ló dán an wò, kí ni onítọ̀hún fọwọ́ kàn lẹ́yìn tó wọlé, ta ló fún un láṣẹ? Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tilẹ̀ ti béèrè ohun kan ṣáájú gbogbo èyí: ìwé orúkọ tí wọ́n gbé fún mi yìí, ṣé ó pé? Kì í jókòó sí yàrá tirẹ̀ kí wọ́n fi í ránṣẹ́. Yóò lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń fà á jáde láti inú ẹ̀rọ, yóò ka iye ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì tún un kà nínú èyí tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, nítorí ó ti rí i rí tí ìlà mẹ́ta pòórá lójú ọ̀nà. Ìbéèrè ìdánwò lè mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí, èèyàn sì lè mú ìdáhùn tó tọ̀nà láàárín mẹ́rin. Àmọ́ mímú ìdáhùn jìnnà sí kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró níwájú ọ̀gá tó jù ú lọ, kó sọ pé, "Ẹ má bínú sà, màá fẹ́ kí ẹ fà á jáde lójú mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba fi hàn bí nǹkan ṣe ń rí níbi tí a kò bá ti rí ẹni béèrè irú ìbéèrè yẹn, kó sì rọ̀ mọ́ ọn. Ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ìṣirò Horizon, èyí tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Ẹ̀rọ náà ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ẹ̀ka ìfìwéránṣẹ́ ní àdúgbò, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn náà kò jí nǹkan kan. Láàárín ọdún yẹn sí 2015, èèyàn tó lé ní 900 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí ohun tí ẹ̀rọ náà wí. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan sì fi gbogbo ohun tí wọ́n ní dí gbèsè tí wọn kò jẹ. Léraléra ni àwọn aláṣẹ ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè jókòó sí òkèèrè kó fọwọ́ kan ìṣirò ẹ̀ka kankan. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé àléébù wà nínú ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àti pé òṣìṣẹ́ Fujitsu lè wọlé láti ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n yí nǹkan padà. Ó di ọdún 2024 kí ìjọba tó ṣòfin láti fagi lé ìdálẹ́bi àwọn èèyàn náà. Ẹni tó bá ti fi ọdún díẹ̀ yẹ ẹ̀rọ wò mọ̀ pé "kò sẹ́ni tó lè wọlé" kì í ṣe ìdáhùn. Ó máa ń ní kí wọ́n fi ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ jù lọ han òun, kí wọ́n fi ibi tí ẹsẹ̀ wọn hàn nínú ẹ̀rọ han òun. Tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ìdánwò tó láti mọ ọ́dítọ̀, àwọn èèyàn Ìlú Ọba yìí ni ọkàn mi máa ń lọ sí.

Ó wá kan ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́: iṣẹ́ ń wá ìwé-ẹ̀rí, ìwé-ẹ̀rí ń wá iṣẹ́, ibo ni kéèyàn gbà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú òfin ISACA fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà délẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí èèyàn ní ìrírí kó tó jókòó ìdánwò. O lè ṣe ìdánwò lónìí tí o kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ọdún márùn-ún gbáko ni o sì ní lẹ́yìn tí o bá yege láti kó ìrírí jọ kí o tó kọ̀wé béèrè. Ìrírí tí o ti ní láàárín ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà tí o kọ̀wé náà wọlé. Dígírì yunifásítì lè dí ọdún méjì nínú márùn-ún. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ọ́dítọ̀ owó lásán, tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti àyẹ̀wò, lè fi ọdún kan dí òmíràn. Gbogbo àdínkù yìí kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, èyí ló fi jẹ́ pé ó kéré tán, ọdún méjì ni kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ àfi iṣẹ́ náà gan-an. Ọdún méjì yìí ni àwọn èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n tún gbé kúrò. Tí wọ́n bá gbé e kúrò, kí ló kù?

Ìdáhùn kejì ló dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí pé ó kan ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. ISACA kì í béèrè bóyá wọ́n kọ "ọ́dítọ̀" sára káàdì iṣẹ́ rẹ. Ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe ló ń béèrè. Ọ̀nà márùn-ún ni iṣẹ́ náà pín sí, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 sì ni ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánwò ti wá láti inú méjì péré nínú wọn: bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kò fi ní dákú, àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta láìmọ̀ pé ìrírí tó wọlé ni àwọn ń kó jọ. Ẹni tó ń gbé àwọn ìsọfúnni tí wọ́n tọ́jú pamọ́ padà sínú ẹ̀rọ láti wò ó bóyá wọ́n ṣì ń ṣí wà lára wọn. Ẹni tó ń rí i pé ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa gbé e sórí ẹ̀rọ tí oníbàárà ń lò wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ìkóníjàánu tó ń rí i pé ẹni tó tẹ owó wọlé kọ́ ló máa tún fọwọ́ sí i pé kó jáde. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù: ohun tó yẹ̀ wò, ohun tó rí, ẹni tó jábọ̀ fún. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kò sí nínú àwọn tí mo ń wí, àwọn kan sì máa ń fẹ́ ká pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tó níyì ni, àmọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò kọ́.

Àwọn kan á tún sọ pé ọdún kì í ṣe ọgbọ́n, pé ẹlòmíràn lè fi ọdún márùn-ún ṣe iṣẹ́ ọdún kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀marùn-ún. Òótọ́ ni, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Àjọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ẹni tó ti gba ìwé-ẹ̀rí tán máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i fún wákàtí 20 ó kéré tán lọ́dún, kó sì pé 120 láàárín ọdún mẹ́ta. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ wọn ni ohun tí wọ́n fẹ́ ká ṣe sí i. Tí ọdún nìkan kò bá tó, ohun tó kàn ni ká mójú tó ohun tó wà nínú ọdún náà, ẹni tó sì lè mójú tó o ni ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀rí iṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó bá ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ iṣẹ́ mọ̀ pé orúkọ òun ni gbogbo àdúgbò máa pè nígbà tí aṣọ bá bàjẹ́ tàbí tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́. Kí ló wá dé tí ọ̀gá ní báǹkì tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ń fọwọ́ sí ìrírí ọdún mẹ́ta fún ẹni tí kò bá a ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́jọ lọ?

A ń fi bò ni, a mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun ẹ bá mi fọwọ́ sí i" ti di ohun tí èèyàn ń sọ bí ẹni ń tọrọ omi mu. Ìbátan ọ̀gá ni, tàbí ọmọ ìjọ kan náà, tàbí ẹni tó ń múra àtirìnrìn-àjò, tí wọ́n sì ń ṣàánú rẹ̀. Àwọn kan ní gbogbo ayé ló ń ṣe é, pé ẹni tó bá ní òun ń ṣòótọ́ ni yóò jókòó sílé. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé ohun tí a fẹ́ lo ìwé-ẹ̀rí náà fún. Gbogbo iṣẹ́ ọ́dítọ̀ kò ju kí ó fọwọ́ sí i pé ohun báyìí rí báyìí, kí àwọn tí kò lè lọ wò ó fúnra wọn sì gbà á gbọ́. Tó bá jẹ́ irọ́ ló bá wọlé, ìfọwọ́sí rẹ̀ ti tẹ́ kó tó fi í yẹ báǹkì kankan wò. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí ISACA fàyè gbà á kí wọ́n wádìí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láti 2014 ni wọ́n ti ń fi ìka àti ojú wa sínú BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì, owó ìyá alátà wà lórí fóònù rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 sì ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wa pé kí wọ́n tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ìlànà ààbò tí báǹkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn báǹkì dára, àmọ́ èèyàn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Tí àwọn èèyàn náà bá jẹ́ ayédèrú, asán ni ìlànà.

Owó tí ISACA ń gbà wúwo lóòótọ́, èyí sì ni mo rò pé ó ń dí ọ̀nà ju ọdún márùn-ún lọ. Dọ́là 575 ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san fún ìdánwò, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ń san 760, wọ́n sì tún ń gba dọ́là 50 nígbà tí èèyàn bá fẹ́ kọ̀wé gba ìwé-ẹ̀rí. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, owó ńlá gbáà ni. Ẹ̀ka ISACA tó wà ní Èkó àti Abuja lè bá wa gbé ẹjọ́ yẹn dé iwájú àjọ náà, màá sì kín wọn lẹ́yìn. Ká bẹ̀bẹ̀ fún owó, ká má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ìrírí.

Ní ti àwọn agbanisíṣẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe kò dáa. Wọ́n á gbé ìpolówó iṣẹ́ jáde fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú, wọ́n á ní kó ní CISA, ìyẹn ni pé kó ti ní ìrírí ọdún tí kò tíì lò láyé. Ọmọ yunifásítì á wá fún oṣù mẹ́fà ìkọ́ṣẹ́ SIWES, wọ́n á ní kó máa ṣe fọ́tòkọ́pì. Agùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà á lo ọdún rẹ̀ níléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nídìí ìwé àwọn àlejò, bẹ́ẹ̀ ìjọba náà ń pariwo pé ayédèrú òṣìṣẹ́ kún inú ìwé owó oṣù òun. Ẹ fi ọmọ náà sábẹ́ ọ́dítọ̀ àgbà, ẹ jẹ́ kó fi BVN àwọn òṣìṣẹ́ wé ìwé owó oṣù, kó wá orúkọ méjì tó ń gba owó sínú àkáǹtì kan, kó tọ pinpin ẹni tó fi orúkọ náà sínú ẹ̀rọ. Ìjọba á rí owó rẹ̀, ọmọ á rí ìrírí rẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ náà gba àṣírí, pé kò yẹ kí ọmọdé rí i. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé ìpamọ́, ẹ fún un ní àyè láti wò láìní àyè láti yí nǹkan padà, kí àgbà kan sì wà nítòsí rẹ̀. Ara ohun tó wá kọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nílé pẹ̀lú. Àwọn tó ti ṣe ìkóníjàánu ní báǹkì l'Ékòó, tí wọ́n wà ní London tàbí Manchester báyìí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n rántí pé ọdún mẹ́wàá ni ìrírí wọn fi wúlò kó tó wọmi, àti pé ọ̀gá wọn àtijọ́ lè jẹ́rìí sí i láti Nàìjíríà. Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá. Tí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín bá fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó sùn sínú ímeèlì yín fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ó kúrò lọ́dọ̀ yín láìdùn mọ́ yín nínú. Ẹ ka ohun tó kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọwọ́ sí èyí tó ṣojú yín, ẹ fa igi lé èyí tí kò ṣojú yín, kí ẹ sì dá a padà fún un lọ́sẹ̀ yẹn.